Kókó tí Díńgí Pè ní Omi Ọmú

"Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

Ṣìjúadé ló bi mí bẹ́ẹ̀. Orí àpótí ìwẹ̀ ló jókòó sí, ooru omi gbígbóná bo gbogbo inú ilé, òógùn ń kán ní imú èmi náà. Àwẹ̀ró ni orúkọ mi, ìyá ìwẹ̀ ni mí, gbogbo ẹni tó bá sì ti jókòó lórí àpótí yẹn rí ló mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi bí ọwọ́ mi bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́ lóòótọ́. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí ọmú òsì rẹ̀, lápá òkè, níbi tó ti ń lọ sí abíyá. Mo tẹ ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún tẹ ibẹ̀, ó le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kókó kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo tì í síwájú, kò lọ. Mo tì í sẹ́yìn, kò bọ̀.

Omi ọmú tó bá dì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi aṣọ gbígbóná lé e, tí o sì fọwọ́ rà á, á rọ̀, ìyá ọmọ á mí kanlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa wá kọ́ mi bí omi ọmú ṣe ń rí lábẹ́ ìka.

"Ìyá!"

"Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́ràn."

"Ṣé ọwọ́ lẹ fi ń gbọ́ràn ni?"

"Ọwọ́ ni mo fi ń gbọ́ràn. Gbé apá sókè."

Ó gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ náà kú. Ó na ọwọ́ kejì síbi tí ìka mi wà, ó fẹ́ mọ ohun tí mo rí. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n yòò, tó sì lọgun: "Ọwọ́ kúrò lára! Ọwọ́ kúrò lára! Ìkìlọ̀ kìn-ín-ní."

Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní fún ẹ̀gbà náà.

Ẹ wá wo ìwọ̀sí! Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ìyá ọlọ́mọ, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi gun òkè yìí ṣe, òun ló ń bẹ irin pé kó má bínú nítorí pé ó fọwọ́ kan ọmú tó wà láyà ara rẹ̀. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń dè é mọ́ wa lọ́wọ́ ní Òkè-Ìsádi; bó bá ké ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ṣọ́ á dé. Tèmi funfun ni, ti ìyá ìwẹ̀, kì í ké. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ yẹ ara wò, ìbáà ṣe ara tirẹ̀, àwọn ìyá wa lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìgbìmọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, wọ́n ní bí òkun bá gba ilé lọ́wọ́ àwọn, kò ní gba ìwẹ̀ abiyamọ mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹwàá ni ìgbìmọ̀ gbà pé kí ìyá ìwẹ̀ máa fọwọ́ kan abiyamọ. Abiyamọ nìkan o, títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú.

"Dìde," mo ní fún Ṣìjúadé. "Lọ dúró níwájú Díńgí."

Díńgí wà lára ògiri, bó ṣe wà nínú gbogbo balùwẹ̀ ìlú wa. Òun ló ń wo inú ara, òun ló ń sọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ilé ìwòsàn kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí Díńgí ò bá rán. Ṣìjúadé fi aṣọ ìnura nu ooru omi kúrò lójú Díńgí, ó dúró gbọnrangandan. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, ó bá a dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ, Ṣìjúadé," ni Díńgí wí, pẹ̀lú ohùn dídùn tí wọ́n fún un. "Ọmú òsì: omi ọmú dì síbẹ̀. Ara dá. Ẹ máa fún ọmọ lọ́mú dáadáa."

Ọmọ wo? Ọmọ tó ń sọ yẹn ti pé ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Ó ti wà nílé ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló la ọmọ aládùúgbò lórí, lánàá ló jẹ ẹyin mẹ́ta lọ́wọ́ mi tó tún ń wo ẹ̀kẹrin. Tẹ́lẹ̀, bí Díńgí bá ti kí ìyá rẹ̀ kú ewu ọmọ báyìí, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. Lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

"Kí lẹ rí, Ìyá?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kókó ni."

"Díńgí ní omi ọmú ni."

"O ní omi ọmú láyà?"

Ó wo Díńgí, ó wò mí. Ṣé ẹ rántí pé atúnẹ̀rọṣe ni? Ojú rẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé e kí ó tó yé èmi.

"Háà, Ìyá," ó ní. "Ẹ̀rọ kì í dá ọgbọ́n dá. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa fi ròyìn. Bí ìwé mi bá ní abiyamọ ni mí, gbogbo ohun tó bá le nínú ọmú mi, omi ni lójú rẹ̀."

"Ta ló sọ fún un pé abiyamọ ni ẹ́?"

Ó tẹ orí ba. Kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́. "Èmi ni."

Èmi ni o. Àtàǹpàkò mi ló wà nídìí ìwé rẹ̀. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, ìyá ìwẹ̀ ló máa tẹ̀ka pé ó ti já, láti ọjọ́ náà lọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyá ọmọ mọ́. Èmi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí? Kí wọ́n lè gba obìnrin náà kúrò lórí àpótí mi, kí ó lọ máa dúró níwájú irin tí kò bí ọmọ rí? Mo fi Ṣìjúadé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abiyamọ, mo sì fi obìnrin méjìlélógójì mìíràn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá wẹ̀, oṣooṣù ni mò ń yẹ ọmú wọn wò. A rò pé a gbọ́n. A máa ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ìjọba lẹ̀rọ, àwa lọgbọ́n. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bèèrè ohun tí Díńgí máa fi ọ̀rọ̀ yẹn, abiyamọ, ṣe lọ́hùn-ún. Mo fi ọwọ́ ara mi fọ́ ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ní, mo tún ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ náà.

"Ìyá, ẹ má jókòó sínú omi," ni Ṣìjúadé wí. Ẹni tó ní kókó láyà ló ń dá mi dìde!

---

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti là Díńgí lójú. Kí èmi Àwẹ̀ró lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Alábòójútó Ara, kí n fi àtàǹpàkò mi pa irọ́ náà rẹ́. Bí mo bá ti pa á rẹ́, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ já. Bí mo bá sọ ìgbà tó já, wọ́n á ní, ẹ̀n-ẹ́n, kí ni ọwọ́ yín ń wá lára rẹ̀ láti ọdún méjì? Òfin ò mú ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹni tó fọwọ́ kàn án ló ń mú.

Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ níyà. Ó dúdú, ó gùn dé ìgúnpá, kọ́kọ́rọ́ ló ní. Bí wọ́n bá ti tì í mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ò ní mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́, o ò ní mọ aṣọ yàtọ̀ sí igi. Ọdún méje. Àyọ̀ká, ìyá ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè, ló tẹ ọrùn ọkùnrin kan wò tó ní ọ̀fun ń dun òun. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí nínú ìbọ̀wọ́. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, ó gbé ife tíì fún mi, tíì náà dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ pé ife ti yọ̀ lọ́wọ́ òun.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n pè mí láti lọ wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé e lé itan, mo bu omi sí i, mo fi òrí pa á lára. Àwújẹ̀ rẹ̀ ń mí sókè mí sódò lábẹ́ ìka mi. Mo ní, Àwẹ̀ró, ṣé èyí ni o fẹ́ lọ fún wọn? Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́rin ni ẹ́. Ọdún méje, bí o bá tiẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ta ló máa gbé ọmọ tuntun fún ẹ mọ́? Mo sunkún sínú omi ìwẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ̀ rò pé inú ló ń dùn mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ máa rí tàwọn ọmọ-ọmọ yín náà."

Ní ọjọ́ kejì, Ṣìjúadé wá sílé mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, epo ẹ̀rọ wà léèékánná rẹ̀.

"Mo ti rò ó, Ìyá. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Kí ni kí n fi sílẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ kókó yìí. Bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Gbogbo òkè yìí ló ń jẹ àǹfààní ọwọ́ yín, èmi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra èmi nìkan."

"Bóyá á lọ," mo ní. "Ó máa di ẹrù, kó gba ọkọ̀, kó máa lọ?"

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́. Ìyá tó bí ìyá mi, kókó ló pa á. Òun náà ní bóyá á lọ. Wọn ò fòfin dè é nígbà náà o, ọwọ́ rẹ̀ wà lómìnira, ojú ló ń tì í. Nígbà tó fi máa sọ ọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, Ṣìjúadé. Èyí tó wà láyà ẹ kò tíì ju hóró ẹ̀wà lọ. Apá ṣì ká a."

Ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún tó. Nígbà tó dákẹ́, mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀, epo ẹ̀rọ kún un.

"Ta ló sì sọ fún ẹ pé ìwọ nìkan ni?" mo ní. "Obìnrin méjìlélógójì ni mo fọ́ Díńgí lójú sí. Èyí tí ọwọ́ mi rí nìyí. Èyí tí ọwọ́ mi ò rí ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni inú ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, inú bíbí gidi, irú èyí tó máa ń jẹ́ kí ebi pa mí. Mo dá ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́ tán pátá. Irọ́ tí mo pa, mo gbà pé mo pa á. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ kó di ọ̀ranyàn pé kí èèyàn parọ́ kí ó tó lè mọ ohun tó wà lára rẹ̀? Ara ta ni? Mo fọ ọwọ́, mo wọ bàtà, mo sọ fún Ṣìjúadé pé ká lọ sí ọ́fíìsì Àjọ.

---

Mo jẹ́wọ́ fún Àjọ, wọ́n ní iwájú ìgbìmọ̀ ni n ó ti tẹ̀ka. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé mi síbẹ̀. Gbogbo Díńgí ìlú ló máa ń fi í hàn nílé-nílé bí wọ́n bá fẹ́ ti ìbọ̀wọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè pa tilé rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí i kí wọ́n bẹ̀rù. Alága ni Bámgbádé, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó fá irùngbọ̀n mọ́ tónítóní. Ẹ̀ṣọ́ ọkùnrin méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọlábòmí ló gbé àpótí ìbọ̀wọ́ dání, òun ló ń tì í. Kò wo ojú mi.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá," ni Bámgbádé wí.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, Alága ni kẹ́ ẹ máa pè mí níbí."

"Alága, mo ti gbọ́. Èmi ni mo wẹ màmá ẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ. Orí ẹ gùn bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ yìí náà la fi tún un ṣe."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Bámgbádé yí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọmọ gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn gba òfin gbọ́ ni, bí àwọn mìíràn ṣe gba oògùn gbọ́.

Wọ́n gbé pátákó ìtẹ̀ka wá. Mo tẹ ti Ṣìjúadé. Mo ní kí wọ́n mú ìwé àwọn méjìlélógójì yòókù wá. Bámgbádé ranjú.

"Méjìlélógójì?"

"Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó jẹ èyí tó lẹ́yin. Mú wọn wá."

Mo tẹ gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan títí àtàǹpàkò mi fi ń ta mí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Ṣìjúadé dúró níwájú Díńgí ńlá tó wà nínú gbọ̀ngàn. Ìmọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. Ó pẹ́. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

"Ṣìjúadé," ni Díńgí wí. "Ọmú òsì: kókó, lápá òkè. A ò mọ ohun tó jẹ́. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ilẹ̀kùn ti ṣí."

Ṣìjúadé dì mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. "Máa lọ," mo ní fún un. "Má dúró wò mí. Máa lọ!" Ó sáré jáde, bàtà rẹ̀ ń ró pa-pa-pa lórí àtẹ̀gùn. Ohun tí mo wá ṣe ti parí nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ìbọ̀wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, mi ò ní ráhùn.

Ṣùgbọ́n Bámgbádé kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó kọjú sí Díńgí kó lè bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe rí," ó ní. "Bí a bá fi ọwọ́ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ohun tó máa ń dá sílẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà rántí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ilé ìwòsàn kan la ní, dókítà mẹ́rin. Ẹni tó bá fọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀ á ní òun rí kókó, á sáré wá. Àwọn tí ara wọn dá ló kún ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń kú ò rí ibi gbà wọlé. Òfin yìí ló tún ìlú ṣe. Díńgí kì í ṣàṣìṣe. Ọwọ́ èèyàn ló ṣàṣìṣe."

"Ọwọ́ èèyàn ló rí kókó," mo ní.

"Ọwọ́ èèyàn ló parọ́ fún Díńgí, Ìyá."

Ó mú mi níbẹ̀. Mi ò lè sẹ́. "Òótọ́ lo sọ," mo ní. "Mo parọ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin obìnrin mẹ́tàlélógójì, èmi Àwẹ̀ró ni mo ṣe é, ẹ dárí jì mí, kẹ́ ẹ sì dìde lọ síwájú Díńgí yín nísinsìnyí. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi?"

"Ẹ̀tọ́ yín ni." Òfin kan náà ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì lọ́wọ́ sọ tẹnu rẹ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́. Ẹkún làwọn èèyàn sábà máa ń sun. Àwọn mìíràn máa ń tọrọ àforíjì títí ohùn wọn á fi há.

Mo tú gèlè. Mo bọ́ bùbá.

Yéè! Ẹ ò rí bí inú gbọ̀ngàn ṣe dàrú. Gbogbo ọmọ tí obìnrin bí ló mọ ohun tó túmọ̀ sí bí àgbàlagbà obìnrin tí inú ń bí bá ṣí àyà sílẹ̀ níwájú ọkùnrin. Ẹ̀ṣọ́ méjèèjì yí ẹ̀yìn padà, wọ́n kọjú sógiri. Bámgbádé bo ojú.

"Ìyá, ẹ má ṣe é! Ẹ jọ̀ọ́! Nítorí màmá mi, ẹ má gbé mi ṣépè!"

"Ta ló fẹ́ gbé ẹ ṣépè? Bojú ẹ dáadáa, má ṣí i. Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin."

Mo kọjú sí Díńgí ńlá náà. Mo rí ara mi nínú rẹ̀, ọmú mi méjèèjì ti sọ̀, ó ti fún ọmọ mẹ́rin jẹ. Ojú ò tì mí rárá.

"Ẹ̀yin obìnrin Òkè-Ìsádi," mo ní. "Mo mọ̀ pé ẹ wà níwájú Díńgí, torí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ pa á. Ẹ bọ́ ẹ̀wù. Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Ẹ má wo ohun tí Díńgí ń sọ, ohun tó ń fi hàn yín ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ sọ apá sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ẹ gbé apá sókè. Ẹni tí ọmú rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà lójijì, ẹni tí awọ ọmú rẹ̀ rí bí èèpo ọsàn, tàbí tí ibì kan wọnú, tàbí tí orí ọmú rẹ̀ tó yọ síta tẹ́lẹ̀ ti sá wọlé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí kò yé e ń jáde níbẹ̀, kó fi sọ́kàn."

Mo gbé apá òsì sórí.

"Ó yá, ìka mẹ́ta tó wà láàárín. Ojú ìka o, kì í ṣe èékánná. Ẹ máa yí i róbótó róbótó, kó má ju owó ẹyọ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wọlé dé egungun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti egungun ọrùn, ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ bọ̀ lókè, bí ẹni tó ń kọ ebè. Ẹ má fo ibì kankan. Abíyá ńkọ́? Ara ọmú ni abíyá. Ẹni tó ń rí nǹkan oṣù, kó jẹ́ kó dá fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó ṣe é. Ẹni tí tiẹ̀ ti dúró bíi tèmi, kó mú ọjọ́ kan lóṣù, kó má yẹ̀ ẹ́."

"Ìyá, ẹ̀gbà wọn máa ké," ni Bámgbádé wí láti abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Wọ́n máa kó sí wàhálà. Ẹ ń tì wọ́n sínú wàhálà."

"Kó ké! Bí ẹ̀gbà kan bá ké, ẹ ó rán ẹ̀ṣọ́. Bí gbogbo ẹ̀gbà òkè yìí bá ké pọ̀, ta lẹ fẹ́ rán, ilé ta lẹ sì fẹ́ rán an lọ? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ eléyìí náà: kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ọwọ́ kì í ṣe dókítà, ọwọ́ ló máa sọ fún yín pé ó yá, ẹ lọ rí dókítà. Bí ọwọ́ yín bá rí nǹkan tí Díńgí ní ara dá, ẹ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kí wọ́n fi tipátipá wò yín. Ẹ má sọ pé bóyá á lọ."

Fèrèsé gbọ̀ngàn ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ òkè, ohùn irin tín-ín-rín: ọwọ́ kúrò lára. Lẹ́yìn náà, méjì nítòsí. Lẹ́yìn náà mi ò lè ka iye wọn mọ́. Láti ilé dé ilé, láti ojúlé dé ojúlé, gbogbo òkè ń ké ọwọ́ kúrò lára, ọwọ́ kúrò lára, ó ń gba ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀ṣọ́ kan sọ fún èkejì, ó ṣì kọjú sógiri, pé, "Ilé mi nìyẹn. Mo mọ ohùn ẹ̀gbà ìyàwó mi." Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè.

"Mo ti sọ tèmi tán," mo ní. "Ẹ mú ìbọ̀wọ́ wá."

Bámgbádé kò ṣí ojú. Ó na ọwọ́ kan síta láti fún Ọlábòmí ní àṣẹ. Ọlábòmí gbé àpótí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ki ìbọ̀wọ́ bọ̀ ọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ìka ọ̀tún mi kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gé e. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gé ètè mi jẹ, mo na ti òsì fún un.

Kò gbà á. Ó dúró pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kejì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ìyá," ó ní jẹ́jẹ́, "kókó tèmi wà lọ́mú ọ̀tún. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà. Mo máa ń rò ó pé aṣọ ló ń ha mí níbẹ̀."

Gbogbo ìlú ń wò wá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù iṣẹ́ ìjọba tó wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun tó ti èyí tó kù.

"Rárá," mo ní. "Ìwọ ni wàá wò ó."

Mo fi ọwọ́ òsì mi mú ọwọ́ rẹ̀, mo to ìka mẹ́ta náà jọ fún un, mo gbé e lé ibi tó sọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pọ́n yòò, ó ké ìkìlọ̀ kìn-ín-ní, ó ké ìkejì, ó ké ìkẹta. Ọlábòmí di ojú, ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.